Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Tí Mo Sọ Di Tèmi

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ gba awò ojú ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ìyá Dígí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lọ́kọ, torí òun ló ń fi ẹ̀rọ lọ dígí títí yóò fi bá ojú oníbàárà mu.

Mo ń wo fóònù mi níbi tí mo ti ń dúró. Ó gbójú sókè látìdí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin náà ń wò ó?"

Ojú tì mí. Àgbà ọkùnrin tó ń wo katúùnù! Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti wò ó tán lẹ́ẹ̀mejì.

Ànímè àwọn ará Japan kan ni. Ọkọ̀ kan gbéra láyé, ó ń lọ síbi ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Eré ọkọ̀ náà pọ̀ débi pé ọ̀gá inú rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kì í dàgbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé ń darúgbó.

A bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wò ó nígbà ìsinmi ọ̀sán, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí a tó dé apá karùn-ún, ìfẹ́ Ìyá Dígí ti wọ̀ mí lára. Èmi ni mò ń ṣe ètò fíìmù lórí rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ń pè mí ní Ohùn Oyin.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Àyànfẹ́ mi, kí lo rí nínú ànímè yìí gan-an?"

"Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́," ó ní. "Wọ́n yìnbọn láàárín ìràwọ̀, o ò gbọ́ ariwo kankan. Òkùnkùn ẹ̀ pàápàá, wọ́n kùn ún títí ó fi ní àwọ̀. Àti lẹ́tà ìyá yẹn! Bí lẹ́tà ṣe ń dé ni ọwọ́ tó fi kọ ọ́ ń gbọ̀n sí i."

"Ibo ló ti kù díẹ̀ káàtó?"

"Láti apá kẹsàn-án. Wọ́n gbàgbé ìyá yẹn, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ ja ẹ̀rọ. Àlàyé pọ̀ ju ìtàn lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa dúró de èèyàn."

Ó wá sọ fún mi pé ọmọ ọdún méje lòun nígbà tí bàbá òun wọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́, kò sì padà mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá òun fi ń bu oúnjẹ sínú àwo sílẹ̀ dè é ní ìrọ̀lẹ́.

"Lọ́jọ́ kan, ó fọ àwo náà, ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò múra ètò mi sílẹ̀. Mo jókòó sídìí maikirofóònù, mo sì tú gbogbo ẹ̀ síta bí ẹni pé orí èmi ló ti jáde: ìdákẹ́jẹ́, òkùnkùn, apá kẹsàn-án. Ohùn ara mi ń dùn mọ́ mi létí. Ni mo bá gbé àwo náà lé e.

"Ìyá tó bí mi," mo ní, "ọdún mọ́kànlá ló fi bu oúnjẹ sílẹ̀ de bàbá mi."

Àwọn olùgbọ́ pè wá títí. Ọ̀gá mi fọwọ́ gbá mi léjìká.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní, "Ìgbà wo ni mo bu oúnjẹ sílẹ̀ de bàbá ẹ? Bàbá ẹ tó jẹ́ pé kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀ ló ti jókòó!"

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ni ìyá yẹn?" ó bi mí.

Mo gbéra, ó di ilé Ìyá Dígí. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn ẹ nínú rédíò," ó ní. "Ṣé àwo mi kọ́ nìyẹn?"

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi ò mọ̀ pé mo rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n fọ àwo yẹn," ó ní. "Ẹnu rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Máa lọ."

Mo lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní, "Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo jí i ni. Ẹlòmíì ló rò ó, ẹlòmíì ló sì jìyà ẹ̀. Mo tún purọ́ mọ́ ìyá mi." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gba ètò náà lọ́wọ́ mi. Ìròyìn ojú ọjọ́ ni wọ́n ní kí n máa kà: òjò á rọ̀, òjò ò ní rọ̀. Bí ẹnì kan bá dá ohùn mi mọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Àwọn òbí mi lọ bẹ ìyá tó ni àwo náà láìsọ fún mi. Ìyá náà ní, "Èmi ti dárí jì í. Ti ọmọ mi kù sọ́wọ́ ọmọ mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá Ìyá Dígí lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ rédíò wa.

"Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù?" ó ní. "O sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ."

"Ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ẹ́. Jẹ́ kó ṣì máa tì ẹ́ díẹ̀ sí i. Àmọ́ sìn mí délé."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gbogbo àlejò ń retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu ọkọ ìyàwó. Mo dìde, mo dúpẹ́, mo gbé maikirofóònù fún ìyàwó mi.

"Ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ lọ́dọ̀ ọkọ mi o," ó ní. "Etí ẹ̀ mú."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo tẹrí ba, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì dì í mú pinpin bí ẹni tó mú olè.