Ojú Ìwé Tó Gba Ipò Kìíní

Ọ̀gá ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ nígbà tó ní kí Akọ̀wé kọ nǹkan nípa ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù níbí," ó wí, ó ń fi ìka gbá èérún bisikíìtì kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Láti àárọ̀ ni gbogbo ìlú ti ń tẹ orúkọ ọmọ yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sì tíì sẹ́ni tó kọ ohun gidi kan. Ẹni tó bá tètè kọ ọ́ ló máa gba ipò kìíní."

Akọ̀wé wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, torí pé láti kékeré ni ìwé kíkọ kì í ti í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ó máa ń gba ọ́fíìsì yìí lọ, yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta bàtà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á wo ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí, wọ́n á wá kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí lọ́nà tí ẹ̀rọ náà á fi gbé ojú ìwé wọn sókè ju tàwọn yòókù lọ. Bí èèyàn bá ti ṣí i báyìí, ìpolówó ọjà á yọ sí i. Ohun tí Ọ̀gá ń jẹ nìyẹn.

Àpilẹ̀kọ Akọ̀wé kò tíì gba ipò kìíní rí. Onígíláàsì, tó ti jáde ní yunifásítì tó sì máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í jẹ́ kó gbàgbé. "Ti ọmọdé tún ti jábọ́ o," á wí bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín sínú ife tíì rẹ̀.

Ọmọbìnrin ni ọ̀rẹ́ tó kú náà, aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo kíláàsì ń pè é, orí bẹ́ǹṣì kan náà lòun àti Akọ̀wé sì jọ ń jókòó. Ibi tí wọ́n ti ń sáré lórí pápá ló ti ṣubú, kò sì dìde mọ́. Akọ̀wé mọ ohun tó pa á. Àìsàn ọkàn ni. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni, oògùn rẹ̀ kì í sì í kúrò nínú báàgì rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé ọkàn Ẹlẹ́rìn-ín kò lágbára, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń jókòó sí, pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, tíṣà pàápàá kì í lè mú ojú le mọ́.

Ọ̀gá kà á, ó pòṣé. "Èyí jọ lẹ́tà. Ta ló ń wá lẹ́tà kiri?" Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Ohun tí wọ́n ń béèrè rèé. Kà á."

Akọ̀wé kà á. Lábẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìbéèrè tó wà lókè pátápátá ni: ṣé ó lóyún ni?

"Irọ́ ni, Ọ̀gá. Kò lóyún."

"Èmi náà ò ní kó o kọ ọ́ pé ó lóyún. Béèrè ni kó o béèrè. Fi ìyẹn ṣe àkọlé, kó o wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé a ò tíì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Irọ́ wo ló wà nínú ìyẹn? Kó o sì máa dárúkọ ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ò mọ ẹkún, orúkọ ló mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bá a kọ ọ́ tí kò bá lè ṣe é," Onígíláàsì sọ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Akọ̀wé lára. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́. Bó ṣe ń tẹ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ń dà bí orúkọ ọṣẹ ìfọṣọ lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ìpolówó sí i. Oògùn tó ń fa ikùn wọlé ló fi sábẹ́ ìbéèrè nípa oyún náà gan-an. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ó tún mú bisikíìtì mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ìwé náà gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Akọ̀wé. Onígíláàsì dìde wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú Akọ̀wé dùn, ó kàn ń ṣe é bíi kó lọ fọ ọwọ́ náà ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ kí ìyá Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Àbúrò ọkọ aránṣọ jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń wo fóònù rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé.

"Jókòó tì mí," aránṣọ sọ fún Akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ ti ha. "Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Èmi náà sì mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nǹkan kan sórí fóònù. Ìwọ tí ẹ jọ ń jókòó, bá mi sọ òótọ́. Ṣé ọmọ mi lóyún, tó ń fi pa mọ́ fún mi?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n o. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń jókòó sí. Ó mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ gbogbo ìyẹn, ṣé á kàn ṣàdédé máa béèrè ọ̀rọ̀ oyún ni?"

Akọ̀wé ń wò ó. Ó ti yọ díẹ̀ nínú ohun tó kọ́kọ́ kọ sínú èyí tí Ọ̀gá fẹ́, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí irọ́ náà wọlé sí ìyá lára. Ó dágbére, ó jáde.

Ọ́fíìsì ló gbà lọ tààrà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

"Ká yọ ipò kìíní?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, èérún bisikíìtì fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé wo ẹnu náà, ìríra sì mú un. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ojú ìwé náà rẹ́ kí Ọ̀gá tó dìde. Ọ̀gá lé e jáde, ó ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì òun mọ́.

"O ti pẹ́ jù," Onígíláàsì sọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àwọn mìíràn ti dà á kọ. Wọ́n ti yọ ìbéèrè kúrò nínú ẹ̀. Wọ́n ní ó lóyún ni."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ń fi ọṣẹ bó epo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́. Akọ̀wé ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà nu ọwọ́ tán.

"Ṣé o ti sọ fún ìyá ọmọ náà?"

"Ẹ bá mi sọ ọ́, Bàbá."

"Ọwọ́ mi kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Màá sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mi ò ní wọlé."

Aránṣọ gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó wo Akọ̀wé títí, bí ẹni tó bá kòkòrò nínú omi tó ti mu tán.

"Ìwọ ni mo bi," ó wí níkẹyìn. "O jókòó síbí, mo bi ọ́, o sì ń wò mí."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Kò tíì yá. Máa lọ sílé. Bí mo bá fẹ́ rí ọ, màá ránṣẹ́."

Kò tíì ránṣẹ́. Akọ̀wé ti kọ̀wé sí gbogbo ojú òpó tó da ọ̀rọ̀ náà kọ, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọn kò fèsì. Ẹni tó bá tẹ orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín lónìí, irọ́ náà ló máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀rọ ló ń gbé ọ̀rọ̀ sí ipò kìíní, èèyàn ló sì ń kà á, ìyá ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sì wà lára wọn. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ rò ó wò bóyá ẹ lè dúró níwájú ìyá náà, kí ẹ kà á sí i létí. Bí ẹnu yín bá kọ̀ láti kà á, ẹ má fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́.