Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Kì Í Ṣe Ti Bàbá

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo èmi."

Haleemah ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti fi ìwé mẹ́ta gbé fóònù ìyá rẹ̀ ró lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Alàgbà Adéṣínà, àgbà àdúgbò wọn, ló jókòó síwájú fóònù náà ní fàráńdà ilé bàbá náà ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi kọ ìròyìn òṣèlú. Sójà ń dé, gómìnà ń lọ, òun ò yé bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fíìmù kékeré fún ìdíje kan, nípa ẹni iyì kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ bàbá ló kọ́kọ́ sọ sí Haleemah lọ́kàn.

"Bàbá, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àwọn sójà tì yín mọ́lé nítorí ìròyìn tí ẹ kọ. Báwo ló ṣe rí níbẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọn ò tì mí mọ́lé rí, ọmọ mi. Lydia tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n mú. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn èèyàn ló gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Mo sọ ọ́ títí, ó sú mi."

Àtìmọ́lé yẹn gan-an ni Haleemah fẹ́ fi ṣe iyọ̀ fíìmù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi fíìmù náà han Tóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gé ibi tí bàbá ti ní rárá kúrò," ni Tóyìn wí. "Fi ohùn tìẹ sọ pé wọ́n tì í mọ́lé. Ta ló máa mọ̀? Ṣebí gbogbo èèyàn ti gbà bẹ́ẹ̀."

Haleemah mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ létí ọkàn rẹ̀. Ó gé e. Ó wá sọ ọ́ sínú fíìmù náà pé: "Ọjọ́ mọ́kànlá ni akọni yìí lò nínú àtìmọ́lé."

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, olùkọ́ wọn, fi fíìmù náà han kíláàsì, àtẹ́wọ́ sọ lóòótọ́. Tóyìn fi í sórí Wọ́sáàpù. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Kó tó di Sátidé, ó ti kárí Abẹ́òkúta, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀ròyìn àtijọ́ ní Èkó.

Bàbá ránṣẹ́ pè é. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dun Haleemah jù.

"Ní ogójì ọdún," ni bàbá wí, "àwọn olóṣèlú bú mi, wọ́n lé mi jáde nípàdé, àmọ́ wọn ò rí irọ́ kan tọ́ka sí nínú ohun tí mo kọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ so irọ́ mọ́ orúkọ mi. Ìyà tí Lydia jẹ lo sì fi dá mi lọ́lá."

Haleemah wólẹ̀ lórí eékún, ó bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé akọni ni yín ni."

"Dìde. Lọ bá ẹni tó ni ìtàn."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gba fíìmù ìdíje náà kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, bó ti kírun Àsárì tán, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìbarà, níbi tí Lydia ń gbé. Ìyá àgbà kúkúrú kan ló ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé ìwọ lọmọ tó jí àtìmọ́lé mi gbé?"

Haleemah kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ni ìyá àgbà náà, Lydia fúnra rẹ̀, bá bú sẹ́rìn-ín, ó fà á wọlé.

"Ìròyìn nípa ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ táwọn ọ̀gá sójà pín láàárín ara wọn ni," ni mama wí. "Ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní. Nígbà tí mọ́tò wọn dúró níta, Adéṣínà lóun ò ní sá. Mo ní, 'Bí wọ́n bá mú àwa méjèèjì, ta ló máa tẹ̀ ẹ́ jáde?' Ẹkún ló sun bó ti gbé ẹ̀dà náà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Mo jókòó dè wọ́n, wọn ò gbọ́ ibi tó wà lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn náà jáde. Láràárọ̀ ni Adéṣínà ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní géètì wọn. Wọ́n á lé e, á tún padà wá."

Haleemah ti ká gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Irọ́ rẹ̀ ò tó òtítọ́ yìí dùn rárá.

Ó dá ọ̀rọ̀ bàbá padà sí àyè rẹ̀, ó fi ti mama kún un. Ó sì fi ohùn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà pé: "Mo parọ́ nínú èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nínú gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀ ni wọ́n ti fi àwọn fíìmù náà hàn. Àwọn adájọ́ yọ nínú máàkì rẹ̀ nítorí irọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ipò kẹta ló gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí Alàgbà Adéṣínà dìde, ó kọ̀, àfi ìgbà tí Lydia kọ́kọ́ dìde. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dìde tẹ̀lé wọn. Àsíátù, ìyá Haleemah, ń fọwọ́ gbá èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ọmọ mi ló ṣe é o! Ọmọ mi ni!"

Orí Haleemah wú. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá fẹ́ bọlá fún àgbà, òtítọ́ ni kó fi bọlá fún un, nítorí àpọ́nlé irọ́, ẹ̀tẹ́ ló ń bí.

Bàbá rìn wá bá a, ó na ọwọ́ sí i bí àgbàlagbà ṣe ń na ọwọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Akọ̀ròyìn," ni bàbá pè é, "o kú iṣẹ́."