Yàrá Tí Wọ́n Yà fún Ìyá Àgbà

"Èwo wá ni tèmi nínú gbogbo ìlà wọ̀nyí?" Ìyá Àgbà béèrè. Ó na ìka sí àwòrán ilé tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì.

"Òun nìyí, Ìyá," Fèyíkẹ́ dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ ló wà. Fèrèsé yín rèé, ó kọjú sí títì bí ẹ ṣe fẹ́."

"Ó dáa. Kí n ṣáà ti máa rí ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó bá ń rí ènìyàn kì í tètè gbó."

Bàbá Fèyíkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìmí, rẹ́rìn-ín. Bàtà ló ń tà fún àwọn alátùntà ní àárín ìlú Johannesburg. Kò sí bàtà tí kò mọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n àwòrán ilé kò yé e. Fèyíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òun ló ń bá bàbá rẹ̀ ka àwòrán náà, òun ló sì ń fi fóònù ránṣẹ́ sí Sisi Nomsa, obìnrin ayàwòrán-ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. "Fèyíkẹ́ lojú mi," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí.

Ilé àtijọ́ ni wọ́n rà ní àdúgbò Troyeville. Òkè ni gbogbo yàrá rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Eékún Ìyá Àgbà kò gbà á mọ́, nítorí náà orí àga gígùn nínú pálọ̀ ló ń sùn láti ìgbà tó ti dé láti Iléṣà. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, wọn a sì ká àpò ìrẹsì dí i. Ìdí nìyí tí bàbá fi fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé náà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gbẹ́ ilẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, àwòrán sì gbọ́dọ̀ parí, kí onílé fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bùkúnmi àti Adéolúwa, àwọn ọ̀rẹ́ Fèyíkẹ́ ní kíláàsì, wá ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àdúgbò Auckland Park ni Bùkúnmi ń gbé. Olùkọ́ yunifásítì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n bá Ìyá Àgbà lórí àga gígùn, ó ń rin pákò, ó ró ìró mọ́ àyà, ó sì sá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí apá àga.

"Hálò, Gíránì," Bùkúnmi wí lórí ìdúró.

"Gíránì wo? Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́? Ìlú wo ni bàbá rẹ ti wá? Ìyá rẹ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti bí i?"

Ó bi í títí dórí ìyá ìyá rẹ̀. Adéolúwa dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Nígbà tí Fèyíkẹ́ sìn wọ́n dé ibi róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta, Bùkúnmi bú sẹ́rìn-ín. "Eish, Fèyíkẹ́, ta nìyẹn? Sikiọ́ríìtì yín ni? Àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfurufú kò bi mí tó bẹ́ẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní kí n mú ìwé ìbí mi wá," Adéolúwa fi kún un.

Fèyíkẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ará ìlú wa kan ni," ó wí. "Ó kàn ń bá wa gbé fúngbà díẹ̀ ni."

Bó ṣe padà délé, ó kọ̀wé sí Sisi Nomsa lórí fóònù pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ ariwo títì mọ́. Ó ní kí ó gbé yàrá wọn lọ sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì fi yàrá ìkàwé sí ẹ̀gbẹ́ pálọ̀.

"Ṣé ó dá Màmá lójú?" Sisi Nomsa fèsì. "Oòrùn kì í dé ibẹ̀."

"Ó dá wọn lójú. Shap, kò séwu," Fèyíkẹ́ dáhùn.

Nígbà tí àwòrán tuntun dé, bàbá wò ó, ó rí i pé iye yàrá pé. "Ojú mi, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Dádì."

Ó kù kí ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àṣà Sisi Nomsa ni pé kí àwòrán tó lọ sí káńsù, yóò kan èèkàn mọ́lẹ̀, yóò sì ta okùn sí i, kí onílé lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú ilé tó fẹ́ kọ́. Bàbá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dára, Ìyá yóò dúró nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gbàdúrà sí i, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Fèyíkẹ́ kò rò ó dé ibẹ̀.

Nígbà tí Sisi Nomsa ta okùn tán, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rìn wọ inú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀. Ó kọjú sí títì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rárá, Màmá," Sisi Nomsa wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú sùúrù. "Yàrá ìkàwé nìyẹn. Tiyín nìyí." Ó nawọ́ sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, níbi tí agolo ìdọ̀tí wà.

Bàbá yíjú sí i. "Ta ló ní kí ẹ gbé e síbẹ̀?"

"Fèyíkẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní Màmá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Fèyíkẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Àgbà, nítorí bàbá ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó lójú, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá, ṣé lóòótọ́ lẹ wí bẹ́ẹ̀?" bàbá béèrè.

"Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀," Ìyá Àgbà dáhùn. "Etí mi kò fẹ́ ariwo mọ́."

Ó fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró láàárín okùn, nínú òjìji ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Orúkọ Fèyíkẹ́ ló kọ́kọ́ dá. Ó ní ilẹ̀ náà yóò san ọmọ òun, ojú kò ní tì í láàárín ẹgbẹ́. Sisi Nomsa ń ṣe àmín. Bàbá ń ṣe àmín.

Bàbá yọ bírò. "Ibo ni n ó fọwọ́ sí?"

"Ẹ má fọwọ́ sí i, Dádì." Fèyíkẹ́ ti kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. "Ìyá kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa rí Ìyá ní pálọ̀ mọ́."

Bàbá kò nà án, kò sì bú u. Ó dé bírò rẹ̀. "Ìyá tó bí mi," ó wí, ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Sisi Nomsa, láti òní lọ, èmi ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé."

Sisi Nomsa ká àwòrán náà. Ó ní èyí àkọ́kọ́ kò tíì parí kí òun tó yí i padà, òun sì ń lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn ní ìlú Polokwane, òun kò ní lè tún un yà títí òtútù yóò fi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fèyíkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú àga gígùn. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi."

"Mo bínú," Ìyá Àgbà dáhùn. "Mo purọ́ kí ojú má bàa tì ọ́ lójú àlejò. Ká ní o dákẹ́ ni, mi ò bá tí yí i padà. Inú yàrá yẹn ni ǹ bá máa gbé títí n ó fi kú, ìwọ ni ìbá sì máa gbọ́ ikọ́ mi láti ẹ̀yìnkùlé." Ó sún díẹ̀ lórí àga. "Dìde. Ilẹ̀ tutù."

Ní ọjọ́ Ajé, Fèyíkẹ́ pe Bùkúnmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́. "Obìnrin tí ẹ bá nílé wa, ìyá bàbá mi ni."

"Mo mọ̀," Bùkúnmi dáhùn. "Imú kan náà lẹ jọ ní. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni mò ń ṣe. Ìgbà tí o sẹ́ wọn ni mi ò mọ ibi tí n ó gbójú sí."

Òtútù ọdún náà mú gan-an. Lálaalẹ́, kí Fèyíkẹ́ tó gòkè lọ sùn, ó máa ń ká àpò ìrẹsì dí abẹ́ ilẹ̀kùn fún Ìyá Àgbà, ó sì máa ń gbọ́ ikọ́ ìyá náà bó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ìyá Àgbà ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò kọ́ yàrá. Ó wá yé e pé ẹni tó bá fi ẹbí rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́, ara rẹ̀ ló dójú tì, àti pé irọ́ tí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú kan pa, ẹlòmíràn lè fi odidi ìgbà òtútù kan jìyà rẹ̀.