Àwọn Ìyá Tí Kò Sọ̀rọ̀ Rí

Bí o bá ń bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀, o kò ní tíì parí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí yóò fi ní, "Mo ti mọ̀." Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ló ń kọ́ ní yunifásítì, oyè másítà ló sì ń lé. Ó lè sọ ohun tó ń bí ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú. Ó lè sọ ìdí tí ìyá tirẹ̀ fi ń jágbe mọ́ ènìyàn. Ọkàn kan ṣoṣo ni kò yẹ̀ wò rí: ọkàn òun fúnra rẹ̀.

Ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú ní ọsibítù. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tù ú nínú. Mo-ti-mọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ìjókòó yẹn ń ṣe wọ́n láǹfààní.

Àmọ́ ta ló fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì? Ẹni tó gbé fóònù lónìí kò ní gbé e lọ́la. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn fún un, ó bú sẹ́kún, ó sì ti ilẹ̀kùn padà. Mo-ti-mọ̀ pòṣé. "Ṣé èmi ni mo pa á lọ́mọ ni?"

Bó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà á dá a padà. "Àwọn ìyá yìí kò tíì pọ̀ tó. Padà lọ." Ó padà lọ, ó padà dé, bákan náà ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gboyè jáde, òun ń yí po lójú kan bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Gbogbo rẹ̀ sú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú yàrá ìkàwé, ó ṣẹ̀dá àwọn ìyá tí kò sí láyé. Ó fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu: pé ìjókòó yẹn ń yọ àwọn lẹ́nu, kí àwọn olùtùnú jẹ́ kí àwọn sinmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, Kristẹni tòótọ́, rí i.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà wo lo bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀?"

"Jọ̀ọ́, má wàásù fún mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn. Ó mú àbájáde náà tọ àwọn aláṣẹ ọsibítù lọ. Àwọn yẹn gbà á gbọ́, wọ́n sì dá àwọn olùtùnú dúró. Mo-ti-mọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ bímọ ní ọsibítù yẹn. Ọmọ náà kò ké. Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ wọlé, àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. Omi ọmú ti mú kí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, kò sì sí ọmọ tí yóò mu ún. Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí lára ènìyàn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàwé sí mi létí."

Ó sá jáde tọ nọ́ọ̀sì lọ. "Ṣé kò sẹ́ni tó lè jókòó tì í ni?"

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Wọ́n wà tẹ́lẹ̀, mà. Wọ́n ní ìwádìí kan fi hàn pé àwọn ìyá ò fẹ́ wọn. Àwọn ìyá wo ni wọ́n bi, a ò mọ̀."

Mo-ti-mọ̀ mọ̀ pé ìwádìí tòun ni. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn fi dé, ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ó ń bínú sí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń bínú sí Ọlọ́run pàápàá. Ó ka gbogbo irọ́ náà kalẹ̀ fún un.

"Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọkàn ènìyàn," ó ní, "mi ò lè wo èyí tó ń ṣe mí sàn!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àlàyé kì í wẹ̀ ẹ́ nù. Jésù ló gba ìyà rẹ̀ jẹ, Òun nìkan ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́."

"Títí kan irọ́ tó ta bá àbúrò mi?"

"Títí kan òun náà. Má rojọ́ fún Un. Jẹ́wọ́."

Níbẹ̀, bí àwọn ènìyàn ti ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Mo-ti-mọ̀ ní, "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Agbéraga ni mí. Gbà mí." Kò gbọ́ ohùn, kò rí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwáwí tán lẹ́nu rẹ̀, àlàáfíà kan sì wọlé síbi tí àwáwí ti jáde.

Ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. "Mà, irọ́ ni iṣẹ́ mi. N kò bá àwọn ìyá yẹn sọ̀rọ̀ rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n lé e jáde. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé ná. Àwọn olùtùnú padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n jẹ́wọ́ fún un, ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá a sọ̀rọ̀.

Mo-ti-mọ̀ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ó ṣì ń sú u. Ṣùgbọ́n Kristi ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè má jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni tìrẹ. Ó lè jẹ́ ohun tí o fi pamọ́ fún aya rẹ, tàbí ohun tí ọ̀gá rẹ kò tíì mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í dúró síbi tí a gbé e sí. Ó lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ilé ẹni tí a fẹ́ràn. Kí ló dé tí o fi ń dúró dè é kó délé? Ẹni tó kú nítorí rẹ kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Má fi dọ̀la. Níbi tí o wà yẹn, sọ fún Un lónìí pé, "Olúwa, èmi ni mo ṣe é."