Ẹsẹ̀ Tó Dúró Lẹ́nu Ìlẹ̀kùn

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé òkú mi wúlò ju ààyè mi lọ?" Ìyá àgbà bi lọ́yà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Mà. Bí òfin wa ṣe rí nìyẹn. Owó pọ́ọ́kú ni ẹ̀yin àti ọkọ yín fi ra ilé yìí. Ó ti di ọ̀wọ́n gógó báyìí. Tí ẹ bá fi ta ọmọ-ọmọ yín yìí lọ́rẹ lónìí, tó wá tà á, láti iye tí ẹ rà á ni ìjọba á ti ka èrè rẹ̀, owó orí á sì gbé púpọ̀ lọ. Àmọ́ tí ẹ bá fi sínú ìwé ìhágún, iye tó bá tó lọ́jọ́ tí ẹ bá papò dà ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

"Ẹ kọ ìhágún, ó tán." Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ṣáà ní sùúrù fún mi, ọkọ mi. Mi ò tíì múra tán."

Ọmọbìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀. Ó ti yege ìdánwò, kò sì rí owó wọ yunifásítì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fáàrí kì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Onílé ńlá tó ń wọ bàtà alátùnṣe! Mámá yẹn ò tiẹ̀ kánjú."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre," á ní. Ṣùgbọ́n tó bá délé, á máa tẹ́tí sí èémí ìyá àgbà láti ara ògiri, kò sì mọ ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an.

Aránbàtà ni ìyá àgbà. Yàrá iwájú ló ti ń tún bàtà àdúgbò ṣe, ó sì mọ ìró ẹsẹ̀ oníkálukú. "Tíṣà ló ń bọ̀ yẹn, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti tún jẹ," á wí, kí tíṣà tó kanlẹ̀kùn. Òun ló kan irin pẹlẹbẹ mọ́ gìgísẹ̀ bàtà ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó má baà tètè jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà ti òde dé, kò gbọ́ ìró òòlù. Nǹkan wó lulẹ̀ gbì nínú yàrá ìyá àgbà, mímí líle sì tẹ̀ lé e. Ó sáré dé ẹnu ìlẹ̀kùn, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú.

Ó sì dúró.

Kò ṣe ìkankan. Ó kàn dúró ni. Ó rí yunifásítì. Ó rí bàtà tuntun. Nínú yàrá, èémí náà lọ sókè, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó bà á, tó ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n gbé ìyá àgbà dé ọsibítù, ó sì yè é, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbá òòlù mú mọ́.

"Mo gbọ́ ẹ nígbà tí o wọlé," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo gbọ́ irin bàtà ẹ títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Mo ní, ọpẹ́ o, ọmọ mi dé." Ó wò ó lójú. "Kí lo dúró ṣe, ọkọ mi?"

Ọmọbìnrin náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ àga. Ìyá àgbà kò bi í mọ́. Kò sì yí ìhágún náà padà.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ìyá àgbà papò dà. Bí lọ́yà ṣe wí ló rí: owó orí kò jẹ ilé náà. Ọmọbìnrin náà tà á, ó kàwé, ó di èèyàn. Síbẹ̀, bó tiẹ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀, tó bá dé ẹnu ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, á gbọ́ irin yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbọ́ bó ṣe dúró. Kò sí ilé tó gbé tí kì í ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ó dára kí àgbà ṣètò ogún nígbà tó wà láàyè. Ìyá àgbà ṣe tirẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe dúró de ikú ẹni tó fẹ́ràn yín. Ilé lè dúró dè yín. Èémí kò lè dúró.