Wọ́n Fẹ́ Rán Gbẹ́nàgbẹ́nà Lọ

Ẹnu mi ló kó bá wa. Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀: arúgbó tí eyín ti yọ tán lẹ́nu rẹ̀, tí ahọ́n kò sì rí ohun dí i lọ́nà mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi, aránṣọ, gbé àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó bá a láàárín pákó, níbi tí ọkùnrin náà ti ń fetí sí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń kàwé.

"Ẹ ní sùúrù, àǹtí," ló wí, láìgbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí le ju àga yín lọ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ti wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tí òun náà fi gba ọmọ kan tí yóò máa tọ́ sọ́nà, nínú ẹgbẹ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà wà, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà; òfin wọn ni pé àgbàlagbà kan, ọmọ kan, títí ọmọ yóò fi lè dá kàwé. Òun àti gbẹ́nàgbẹ́nà ń fẹ́ra wọn ní bòókẹ́lẹ́. Kò sọ fún mi. Ó mọ ẹnu mi.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀. Ìlú mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Alága ẹgbẹ́ pe ìpàdé.

"Ẹni tó bá lọ máa pẹ́ níbẹ̀," ló wí. "Ta ni kò ní ẹni tó dì í mú?"

Èmi tí mo kàn tẹ̀lé ọmọ ọmọ mi wá jókòó lásán, mo ní, "Gbẹ́nàgbẹ́nà ńkọ́? Pákó ló ń gbá mọ́ra sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yàn án.

Aránṣọ wo olólùfẹ́ rẹ̀, ìyẹn ń wo ilẹ̀.

"O ò ní sọ̀rọ̀?" ló sọ sí i létí.

"Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ mi. Ṣé kí n já wọn nírọ́ lójú àwùjọ ni? Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń dúró."

Aránṣọ bá dìde. "Alága, ẹ dákun, ó ní ẹni tó dì í mú. Èmi ni."

Ẹnu mi là sílẹ̀, kò padé.

"Ṣé kó má lọ mọ́ nìyẹn?" ni alága béèrè.

"Kó lọ, mà. Àmọ́ kò ní í dá lọ. Máṣíìnì ìránṣọ mi kò wúwo jù."

Ọmọ tí mo tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú nìyẹn. Òun nìkan ló kù fún mi nílé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wá lóṣòó síwájú mi.

"Ìyá àgbà," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Ṣé kí n mú un dání, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún yín?"