Obìnrin Kì Í Wọ Ọkọ̀ ní Rawinji

Ọ̀sán gangan ni obìnrin náà dé. Ọ̀nà òkè ló gbà wá, kì í ṣe ọ̀nà adágún, síbẹ̀ aṣọ rẹ̀ rin gbindingbindin, omi ń kán tó, tó, tó létí ìró rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn ní èbúté Rawinji. Apondi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń tẹ́ omena, ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ju ìka lọ, sórí àwọ̀n kí òòrùn lè gbẹ ẹ́. Ó wo ilẹ̀ níbi tí àlejò náà dúró sí. Yanrìn ibẹ̀ gbẹ bí ìyẹ̀fun. Omi ń kán, ilẹ̀ kò gbà á.

"Apondi," ni àlejò wí, "mo wá bá ọ ṣiṣẹ́."

Abuya, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Apondi bí, gbé ojú sókè nídìí ẹja. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Àlejò yìí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ lójú ẹni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi lẹ̀ ń pè lórúkọ gbàgà bẹ́ẹ̀ yẹn? Ẹgbẹ́ yín ni?"

"Rárá o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Abuya bú sẹ́rìn-ín. Apondi kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ṣe gìrì, kò sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ni mo ní?" ni ó wí. "Ṣé o ò rí ẹnu mi ni?"

Ẹnu náà wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Oguta, olórí èbúté, ló fọ́ ọ. Ọkùnrin ló ń pa ẹja ní Rawinji; obìnrin ló ń rà á, tó ń sá a, tó ń gbé e lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹja ti dín nínú adágún, àwọn ọlọ́kọ̀ ti di ọba. Obìnrin tó bá fẹ́ kí agbọ̀n òun kún gbọ́dọ̀ ní ọlọ́kọ̀ kan tí yóò máa tẹ́ ẹní fún. Jaboya ni wọ́n ń pe irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni Apondi fi tẹ́ ẹní fún Oguta lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni Oguta sọ fún un létí omi pé ẹní rẹ̀ ti gbó, kí ó máa rán Abuya wá. Apondi bu omena tútù kúnwọ́, ó dà á sí i lójú. Oguta yí àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi ìdí rẹ̀ gbá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Eyín méjì bọ́ sínú yanrìn. Àwọn èèyàn ń wò. Ẹnì kan tilẹ̀ ń jẹ ìrèké nìṣó.

"O ní ọkọ̀," ni àlejò wí.

"Ti olóògbé ni. Adìyẹ ló ń yé sí i nísinsìnyí."

"Ó ṣì lè léfòó."

"Obìnrin kì í wọ ọkọ̀ ní Rawinji. Bí obìnrin bá fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, adágún á bínú."

"Mo mọ adágún," ni àlejò wí. "Kò bá obìnrin kankan bínú."

Nígbà tí Apondi bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó ní, "Wàá rántí." Ẹni tí ebi ń pa kì í yẹ ọwọ́ tó fún un lóúnjẹ wò. Apondi kò béèrè mọ́.

Òòrùn ń yọ lọ́jọ́ kejì nígbà tí àwọn méjèèjì wọ́ ọkọ̀ náà wọ omi. Ẹ̀rù ba Apondi, síbẹ̀ ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Àlejò náà jókòó sẹ́yìn, ó ń wa ọkọ̀ láìwo ibi tí ó ń lọ. Irun rẹ̀ ń rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ẹrẹ̀ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rí. Ó kọ́ Apondi bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n fa àwọ̀n sókè, mbuta, ẹja ńlá inú adágún, tó tóbi tó ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń jà nínú rẹ̀, ẹja mẹ́rin, márùn-ún. Apondi ké, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu tó ń ro ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin èbúté tò síwájú ilé Apondi pẹ̀lú agbọ̀n.

"Ìyá Abuya, ṣé ẹja nìkan lẹ̀ ń tà, àbí ẹ máa ní ká tẹ́ ẹní fún ẹ̀yin náà?" ni ọ̀kan nínú wọn fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹní tèmi ti gbó, ẹ ò gbọ́ ni?" ni Apondi dáhùn. Ẹ̀rín ta. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti ta ní Rawinji. Àlejò náà jókòó sábẹ́ ògiri, kò jẹ, kò mu, ó ń wo Apondi bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí ọkọ̀ wọn ti ń súnmọ́ ilẹ̀, Oguta àti Wasuna àbúrò rẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Wasuna mú àáké lọ́wọ́. Gbogbo èbúté ti pé.

"Ẹ rí i o!" ni Oguta kígbe. "Ẹ rí obìnrin tó fẹ́ sọ ara rẹ̀ dọkùnrin! Ẹja yín tó ń sá lọ, òun ló fà á!"

Ó fi irun wọ́ Apondi jáde nínú ọkọ̀. Ó gbá a mọ́ òkúta. Wasuna bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọkọ̀, ègé igi ń ta káàkiri. Abuya sáré dé, ó bu Oguta jẹ lápá. Oguta ta á nípàá níkùn, ọmọ náà ká kò bí ejò tí wọ́n tẹ̀ lórí. Oguta gbé àjẹ̀ sókè sí orí Apondi. Apondi rí ìsàlẹ̀ àjẹ̀ náà, ó rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lára rẹ̀, ó di ojú.

Ó gbọ́ ìró bí ìgbà tí akèrègbè bá fọ́. Kò dùn ún.

Nígbà tó lajú, àlejò náà ló dúró sí àárín òun àti Oguta. Orí rẹ̀ ti là láti iwájú dé etí. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń jáde níbẹ̀. Omi ni, omi dúdú tó ń rùn bí ẹrẹ̀, omena kékeré sì ń bá a jáde, wọ́n ń ta pútúpútú lórí yanrìn.

"Oguta," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Oguta. Obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń mú un lọ sínú adágún bí ẹni ń mú ọmọ lọ wẹ̀. Oguta, ọkùnrin tó ń dá gbé ẹ̀rọ ọkọ̀, ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń kọ ebè sínú yanrìn. Omi náà kò kọjá orúnkún rẹ̀ nígbà tí ó mú un kúnlẹ̀. Ó tẹ ojú rẹ̀ bọ omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń na omi, ó ń nà á, àwọn èèyàn sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ bí ó ti ń hó jáde lábẹ́ omi. Kò sẹ́ni tó dá sí i. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tó dúró.

Wasuna ti ju àáké sílẹ̀.

"Ajwang ni!" Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, Ajwang ni! Kò sá lọ sí ìlú Kisumu o, irọ́ la pa! Ogún ọdún rèé. Ó wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sómi, a fi àjẹ̀ lù ú pa, a so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn kọjá òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń rìn lọ títí omi fi bo orí rẹ̀.

Apondi kò wo ó. Ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ mẹ́rin ti dì í mú. Ogún ọdún sẹ́yìn, ní oṣù kejì tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Rawinji, ó wá pọn omi ní òwúrọ̀. Ó rí ẹ̀yìn obìnrin kan tó jókòó nínú ọkọ̀ tó ń jáde lọ. Ìyàwó tuntun ni. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé òun mọ èèwọ̀ ilé wọn. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké: "Obìnrin wà nínú ọkọ̀ o! Ẹ wá o!" Wọ́n wá. Ó dúró wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó pọn omi, ó lọ sílé, ó gbé ògì kaná.

Ajwang ti ń padà bọ̀ láti inú omi. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Apondi wí, ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn, "ṣé ẹ wá pa mí ni?"

"Ta ló ń kọ́ ẹni tó fẹ́ pa ní ọkọ̀ wíwà?" Ó nawọ́ sí ọkọ̀ Oguta tó wà létí omi, ọkọ̀ tuntun, pẹ̀lú àjẹ̀ méjì. "Wọlé. Ẹja tí mo lọ pa lọ́jọ́ náà, n kò tíì pa á tán."

Abuya di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Apondi tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹnu kò ó lórí, ó sì wọ ọkọ̀ lójú gbogbo ayé.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí òòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ náà á sún mọ́ ilẹ̀, ó kún fún ẹja títí dé ẹnu. Apondi nìkan ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin á rìn wọ omi dé ìbàdí, wọ́n á gba ẹja, wọ́n á sanwó fún Abuya. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó tún dárúkọ ẹní fún obìnrin kankan ní Rawinji. Abuya á gbé ugali, òkèlè àgbàdo gbígbóná, lé orí, á rìn wọ inú omi, á nà án sí ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ bọ́ sílẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín."

Apondi á sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á gbé e kọjá etí ọkọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi tó ti gbóná láti ọ̀sán. Á wo ẹ̀yìn, sí orí pákó ìjókòó tí gbogbo èèyàn rí pé ó ṣófo. Á béèrè, jẹ́jẹ́, bí aya tuntun ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà ilé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti tó?"

Àjẹ̀ ẹ̀yìn á sì gbéra fúnra rẹ̀, á bọ omi, á máa yí imú ọkọ̀ padà sí àárín adágún.